Ọmọ Tí Ó Fẹ́ Kọ́ Ìmọ̀ Májèlé

Ọ̀rọ̀ wa ti òní jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ó jẹ́ pé, bí ọmọ bá dárúkọ rẹ̀ nílé, ẹ̀rù a máa ba òbí rẹ̀ kí inú wọn tó dùn. Ẹ̀kọ́ náà ni ẹ̀kọ́ nípa májèlé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tọ́síkọ́lọ́jì, pẹ̀lú ìmọ̀ nípa bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara, tí wọ́n ń pè ní fámákọ́lọ́jì.

Kí ló fa ẹ̀rù náà? Kò ṣòro láti mọ̀. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni àwọn baba wa ti ń ṣọ́ra fún ẹni tí ó mọ oró. Wọn kì í fẹ́ jẹun nílé rẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ kí ọmọ wọn bá a ṣe wọléwọ̀de. Nítorí náà, bí ọmọ tí a ti ń retí pé yóò di dókítà tàbí lọ́yà bá wọlé lọ́jọ́ kan, tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí ó ní, "Bàbá, ìmọ̀ májèlé ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì," ta ni yóò bá baba náà wí bí ó bá ní kí ọmọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín léèrè. Bí ọmọ ọdún méjì bá gbé ìgò kẹrosíìnì sẹ́nu, tàbí bí àgbẹ̀ bá ń fọ́n oògùn kòkòrò nínú oko kòkó títí tí òun fúnra rẹ̀ fi ṣubú lulẹ̀, ta ni a óò sáré wá lọ? Ṣé kì í ṣe ẹni tí ó mọ ohun tí májèlé ń ṣe nínú ara ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò ní ìrọ̀lẹ́ yìí nìyí. Àwọn baba wa mọ ewé, wọ́n mọ egbò, wọ́n mọ èèpo. Wọ́n mọ èyí tí ń wo ibà, wọ́n sì mọ èyí tí à ń dà sódò láti fi pa ẹja. Kí wá ni yunifásítì fi kún ìmọ̀ yìí? Ó fi ìwọ̀n kún un, ó sì fi ẹ̀rí kún un, ẹ̀rí tí a kọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Mo tún un sọ: ìwọ̀n àti ẹ̀rí. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má ṣe gbàgbé méjèèjì yìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti ìwọ̀n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, ni àwọn àgbà ń wí. Ní 1538, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Paracelsus, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé oró wà nínú ohun gbogbo, àti pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni a fi ń mọ̀ bóyá yóò pani tàbí kò ní í pani. Iyọ̀ tí ń mú ọbẹ̀ dùn, bí a bá fún ìkókó ní àmujù rẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí ọmọ náà. Omi tí a ní kò lọ́tàá, bí ènìyàn bá mu ún ní àmujù lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú ọpọlọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì ti rí báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ fámákọ́lọ́jì kì í dúró bèèrè bóyá oògùn ni nǹkan tàbí májèlé. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé: báwo ni ó ti pọ̀ tó? Ta ni ó lò ó, àgbà ni tàbí ọmọdé? Ọ̀nà wo ni ó gbà wọ ara? Yóò ti pẹ́ tó níbẹ̀?

Mo fẹ́ fi ìtàn kan là á yé yín, ìtàn náà kò sì jìnnà sí wa, nítorí ilẹ̀ Nàìjíríà wa níhìn-ín ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní agbègbè Kàlàbá, láàárín àwọn Ẹ́fíìkì, ìtàkùn kan wà tí ń fà lẹ́bàá odò, tí ó ń so irúgbìn kan tí ó jọ ẹ̀wà ńlá, tí wọ́n ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fura sí ẹnìkan pé ó jẹ́ àjẹ́, tàbí pé ó ní ọwọ́ nínú ikú ẹlòmíràn, wọn a lọ esere pọ̀ mọ́ omi, wọn a sì fún un mu. Bí ó bá bì í jáde tí kò kú, wọn a ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kú, wọn a ní ẹ̀bi rẹ̀ ni ó pa á. Ọ̀pọ̀ aláìṣẹ̀ ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ lọ sọ́run.

Àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Skọ́tílándì, tí wọ́n dé Kàlàbá ní 1846, fi irúgbìn yìí ránṣẹ́ sí ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ wọn. Ní yunifásítì ìlú náà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tí ń jẹ́ Robert Christison, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn nínú ìmọ̀ májèlé. Ní 1855, ó gé díẹ̀ nínú esere, ó sì jẹ ẹ́. Láìpẹ́, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀, ìlù ọkàn rẹ̀ ń lọ ségesège; ó wá sáré gbé omi tí ó fi fá irùngbọ̀n mu kí ó lè bì, bẹ́ẹ̀ ni orí ṣe kó o yọ. Ǹjẹ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa lónìí? Rárá o. Kò sí olùkọ́ kan nísinsin yìí tí yóò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ara rẹ̀ dán májèlé wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Fraser ni ó fi ọ̀nà tí ó dára jù hàn. Ní yunifásítì kan náà, ó fi esere ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gba oyè dókítà ní 1862. Ó wọ̀n ọ́n, ó ń kọ gbogbo ohun tí ó bá rí sílẹ̀, ó sì kíyè sí i pé nǹkan náà a máa mú kí ọmọlójú sún kì. Lẹ́yìn èyí, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìtírì ilẹ̀ Jámánì yọ ògidì oró inú rẹ̀ jáde ní 1864. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni physostigmine.

Kí wá ni esere ń ṣe nínú ara gan-an? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ọpọlọ bá fẹ́ kí ọwọ́ gbé nǹkan, tàbí kí ọkàn dẹ ìlù rẹ̀ sílẹ̀, iṣan tí ń gbé àṣẹ rẹ̀ a tú èròjà kan sílẹ̀, èròjà náà a sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún ẹran ara. Bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ tán, èròjà kejì wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pa èkínní rẹ́ wàràwàrà, kí ara lè sinmi, kí ó sì lè gbọ́ àṣẹ mìíràn. Èròjà kejì yìí ni esere ń dè lọ́wọ́. Bí ó bá sì ti dè é, àṣẹ tí ó yẹ kí ó parí kò ní í parí mọ́: itọ́ á máa dà, omi á máa dà lójú, òógùn á máa bo ara, inú á máa rọ́, ọkàn á máa lù ní ìlọ́ra, títí tí àwọn iṣan tí a fi ń mí yóò fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ibi tí ikú ti ń wọlé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí a bá wọ̀n ọ́n sí kíún ńkọ́? Há à, ẹ wá gbọ́ ìyanu! Ní àwọn ọdún 1870, àwọn dókítà ojú bẹ̀rẹ̀ sí fi í sójú àwọn tí agbára omi inú ẹyinjú wọn ti pọ̀ jù, tí ojú wọn sì ń lọ sí fífọ́, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1934, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Walker fi abẹ́rẹ́ physostigmine gún ẹni tí àrùn mú kí ìpéǹpéjú rẹ̀ máa wó lulẹ̀, tí apá rẹ̀ kò sì lè gbé nǹkan, ara ẹni náà sì le fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Percy Julian, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí baba rẹ̀ àgbà ti jẹ́ ẹrú rí, pèsè physostigmine ní yàrá àyẹ̀wò láìlo irúgbìn kankan. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí padà: ohun tí wọ́n fi ń dájọ́ ikú fún ènìyàn ni ó wá ń gba ojú lọ́wọ́ fífọ́. Kí ló ṣe é? Ìwọ̀n ni, àti ẹ̀rí.

Ìtàn náà kò sì parí síbẹ̀. Púpọ̀ nínú oògùn apakòkòrò tí à ń tà lọ́jà lónìí, títí kan èyí tí àwọn kan fi ń tọ́jú ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, èròjà kan náà tí esere ń dè lọ́wọ́ ni àwọn náà ń dè. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé àgbẹ̀ kan dé ilé ìwòsàn tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ wàràwàrà, tí ọmọlójú rẹ̀ sì ti sún kì, dókítà tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ esere kò ní í bèèrè bóyá ayé ni ó ṣe é. Atropine ni yóò gún un. Kí ni atropine? Oró igi mìíràn ni, tí òun náà lè pani fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń pa ariwo tí oró àkọ́kọ́ dá sílẹ̀ lẹ́nu mọ́. Oró ni a fi ń ṣẹ́ oró, bí a bá mọ̀ ọ́n wọ̀n.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ohun tí oògùn ń ṣe sí ara ni a ti ń sọ bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ní apá kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fọkàn sí, èyíinì ni ohun tí ara ń ṣe sí oògùn. Oògùn tí a gbé mì dà bí àlejò tí ó wọ ìlú: ó ní ẹnubodè tí ó gbà wọlé, ó ní àdúgbò tí ó dé sí, ó ní àwọn tí wọ́n pààrọ̀ aṣọ sí i lára, ó sì ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà sìn ín jáde. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ó lè gba ẹnu, ó lè gba imú, ó lè gba awọ ara, ó sì lè gba ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e kiri, ẹ̀dọ̀ ni ó ń yí i padà, kíndìnrín ni ó sì sábà máa ń lé e jáde. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí bá ṣàìsàn, ìwọ̀n tí ó yẹ ara ẹlòmíràn lè di májèlé fún onítọ̀hún.

Ẹ jẹ́ kí a mú oògùn tí kò sí ilé tí kò sí, parasitámọ́ọ̀lù. Bí àgbà bá lò ó ní ìwọ̀n rẹ̀, oògùn tí ó tutù ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń sọ di oró, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ní èròjà ìpamọ́ tí ó fi ń pa oró náà. Bí ènìyàn bá wá gbé àmujù rẹ̀ mì ńkọ́? Èròjà ìpamọ́ á tán, oró á sì kọjú sí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé, ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ó lè dà bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe onítọ̀hún. Ó lè máa jẹun, kí ó máa rẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀. Oògùn ìtúra wà fún un, acetylcysteine ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí a tètè dé ilé ìwòsàn. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún yín pé, àgbà kò gbọdọ̀ lo ju hóró 8, èyí tí a kọ 500 mg sí lára, lọ láàárín ọ̀sán kan àti òru kan. Kí ẹ sì rántí pé oògùn òtútù àti oògùn orí fífọ́ tí ń jẹ́ orúkọ mìíràn lè ní parasitámọ́ọ̀lù nínú pẹ̀lú.

Ó yẹ kí a dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rí wàyí, mo sì fẹ́ dárúkọ ọmọ wa kan. Benjamin Oluwakayode Osuntokun ni, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì, tí ó ti jẹ́ àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àrùn ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn rí. Ní àwọn ọdún 1960, ó tẹ̀ lé àrùn kan lọ sí ìhà Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti ń kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú àti etí àwọn mìíràn sì ń lọ. Àwọn kan ti lè sọ pé ilẹ̀ ni wọ́n tẹ̀, tàbí pé aráyé ni. Osuntokun yẹ ara wọn wò, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó rí i pé gbágùúdá ni oúnjẹ wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹran tàbí ẹja, ó sì tọ́ka sí oró tí ń jẹ́ cyanide, tí ń jáde lára gbágùúdá, pé òun ni afurasí.

Ṣé kí a má jẹ gàrí mọ́ ni? Ẹ gbà mí o, n kò sọ bẹ́ẹ̀! Àwọn ìyá wa ti mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí oró náà kí yunifásítì tó dé. Bí wọ́n bá rin gbágùúdá, tí wọ́n dì í sápò, tí wọ́n gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, tí wọ́n jẹ́ kí ó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án lórí iná, púpọ̀ nínú oró náà ti bá omi àti èéfín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń kán, tí ó gé ọjọ́ kíkan kúrú kí ó lè tètè kó gàrí lọ sọ́jà, oró ni ó ń tà. Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ náà. Onímọ̀ májèlé ni ó wọ̀n ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú gàrí, tí ó lè sọ fún wa ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ kánjú.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn oníṣègùn wa fi ń tọ́jú wèrè láti ayébáyé. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà kan jáde lára ìbátan igi yìí tí ó hù ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n pè é ní reserpine. Èròjà yìí kan náà sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ó ń mú ara alárùn ọpọlọ rọlẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n rí i pé bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ a lọ sílẹ̀ kọjá ààlà, ìbànújẹ́ ńlá sì lè gba ọkàn ẹni tí ń lò ó. Àwọn baba wa kò parọ́ nípa ewé náà. Ohun tí wọn kò fi sílẹ̀ fún wa ni àkọsílẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀.

Wàyí o, òwe kan wà tí a kò gbọdọ̀ pa nínú iṣẹ́ oògùn. Òwe náà ni pé, bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní 1937, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan fẹ́ sọ oògùn oníhóró di olómi, wọ́n sì fi diethylene glycol pò ó, nítorí pé ó dùn lẹ́nu, ó sì ń yọ́ oògùn náà dáadáa. Wọn kò dán an wò kí wọ́n tó tà á. Èròjà yìí a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin tuntun ní 1938. Ǹjẹ́ ayé kọ́gbọ́n? Ní 1990, ní Ìbàdàn àti ní Jos, èròjà kan náà tún wọ inú oògùn ibà olómi, ó pa ọmọ wẹ́wẹ́. Ní 2008, ó tún wọ inú oògùn eyín tí wọ́n ń fún ìkókó ní ilẹ̀ wa, ó sì lé ní 80 ọmọ tí ó bá a lọ. Ohun tí ìbá dá ikú wọ̀nyí dúró kò ju àyẹ̀wò yàrá ìwádìí kan lọ, kí a tó da èròjà náà sínú agbada oògùn. Ẹni tí ó mọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣe ni ọmọ yín ń fẹ́ dà, ẹ̀yin òbí.

Báwo wá ni ọmọ ṣe ń dé ibẹ̀? Kí ó kọ́kọ́ mú kẹ́mísìtírì, bàólọ́jì, físíìsì, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kí ó sì yege nínú wọn. Lẹ́yìn náà, ó lè kọ́ iṣẹ́ apoògùn ní Ilé-Ifẹ̀, tàbí kí ó gba ẹ̀ka fámákọ́lọ́jì lọ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, kí ó sì tẹ̀ síwájú sí oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀kọ́ náà gùn, ó sì ń fẹ́ sùúrù. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Yóò kọ́ bí a ti ń wọ̀n nǹkan tí ojú kò lè rí nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan. Yóò kọ́ bí a ti ń tọ́jú eku ìwádìí láìfi ìyà jẹ ẹ́ lásán. Yóò kọ́ ìṣirò tí ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín oògùn tí ó wo àrùn àti àrùn tí ó fúnra rẹ̀ lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, yóò kọ́ láti gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú àwọn onímọ̀ mìíràn kí wọ́n lè wá àṣìṣe inú rẹ̀, nítorí bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni ó ń bẹ fún un lẹ́yìn náà? Ilé ìwòsàn ń fẹ́ ẹ, ilé iṣẹ́ oògùn ń fẹ́ ẹ, àjọ NAFDAC tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn wa ń fẹ́ ẹ, ilé ẹjọ́ ń fẹ́ ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tí a kò bá mọ ohun tí ó pa òkú, oko sì ń fẹ́ ìmọ̀ràn rẹ̀. Ọmọ tí ìwà rẹ̀ kò bá dúró ṣinṣin ni kí ó má dá a láṣà, nítorí ẹ̀mí ni ohun tí à ń fi sí i lọ́wọ́.

Kí n tó dágbére fún yín, mo bẹ̀ yín ní ohun mẹ́ta. Ẹ má ṣe bu oògùn kòkòrò tàbí kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò mọ́, nítorí ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀. Ẹ má ṣe fi ojú wọn oògùn ọmọ. Ife tàbí ṣíbí tí ó bá oògùn náà wá ni kí ẹ lò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé májèlé mì, ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lọ́nà ọ̀fun kí ẹ máa wòye. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò tàbí páálí ohun tí ó mu dání, kí dókítà lè mọ ohun tí òun ń bá jà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sì wọlé lọ́la tí ó ní ìmọ̀ májèlé ni òun fẹ́ kọ́, ẹ má ṣe lé e. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ràn kẹ́mísìtírì, ẹ bi í bóyá ó ní sùúrù, bí ó bá sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sanwó ilé-ìwé rẹ̀.